Wọ́n Ní Ọpọlọ Obìnrin Kò Rí Ìbínú

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni etí omi ṣe rí, ṣé mo wẹ̀ nínú òkun, ṣé mo jẹ ẹja yó. Mo jẹ ẹja yó. Mi ò wẹ̀. Ìbínú ni mo gbé bọ̀ láti ibẹ̀, mi ò sì rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí, ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo yín bá mi gbé e. Ẹni tí kò bá fẹ́ ru ẹrù ẹlẹ́rù, kó yáa pa ìwé yìí dé nísinsìnyí.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ àti ìwà ẹ̀dá ni mo kà nílé ìwé gíga. Olùkọ́ mi kan nígbà náà, ọmọ Ọ̀yọ́ tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀mọ̀wé, ló pè mí lórí fóònù pé òun ń lọ ṣe ìwádìí ní Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, òun sì ń wá obìnrin tí yóò máa bá àwọn obìnrin ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọpọlọ obìnrin àti ti ọkùnrin máa ń dáhùn bákan náà bí wọ́n bá rí ojú èèyàn: ojú tó ń rẹ́rìn-ín, ojú tí ẹ̀rù bà, ojú tó ń bínú. Ìdí tó fi jẹ́ Àjídò ni pé ẹgbẹ́ aláàánú kan fẹ́ fi ọkọ̀ onínjìnnì ta wọ́n lọ́rẹ, ọkọ̀ tí yóò máa yọ àwọn tí omi bá fẹ́ gbé lọ. Wọ́n ní àwọn kò ní kàn fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àwọn tí ọpọlọ wọn bá yára mọ ojú èèyàn ni wọ́n máa kọ́ láti wà á, nítorí ẹni tó ń rì kì í lè sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ló ń bá a sọ ọ́. Mo ní ìyẹn dára. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn bàbá wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo di ẹrù mi.

Ìjànikin

Ní Ìjànikin, mi ò tíì di àlejò. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ni mo sùn, ọmọ Èkìtì bíi tèmi, tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì. Iyán ló fi gbà mí. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ wá kí mi, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́, àwọn ọmọ Ògùn, àwọn tiwa náà, kálukú sì ní ìmọ̀ràn tó fẹ́ fún mi nípa àwọn ará ibi tí mò ń lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dé Àjídò rí. Ọ̀kan ní èdè wọn kì í yé èèyàn. Òmíràn ní wọ́n lójú kòkòrò. Ọkùnrin oníṣòwò kan, tó jókòó bí ẹni tó mọ ayé, ní kí n ṣọ́ra gidi fún àwọn obìnrin wọn, pé wọn kì í wo èèyàn lójú, ẹni tí kò bá sì í woni lójú, ohun kan ń bẹ tó ń fi pa mọ́. Mo bi í bóyá ìyàwó tirẹ̀ máa ń wò ó lójú. Ó ní ìyẹn yàtọ̀, ìyẹn ẹ̀kọ́ ilé ni.

Mo fi òkèlè iyán dí ẹnu ara mi.

Nígbà tí mo fẹ́ wọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń pe èrò wò mí, ó ní kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀, pé obìnrin kì í fajú ro láàárọ̀. Àwọn ọkùnrin tó ti jókòó sínú ọkọ̀ náà fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún dírẹ́bà pé mo gbéraga. Láti ìdíkọ̀ ni wọ́n ti ń ka ojú obìnrin, kí a tó dé ibi tí ẹ̀rọ wà rárá.

Lórí ọ̀sà

Sẹ́nàmì ni ẹni tí wọ́n rán wá pàdé mi ní èbúté Àgbádárìgì. Á tó ọmọ ogún ọdún tàbí kó lé díẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì yi. Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó ní, "Mì kúàbọ̀," ìyẹn ẹ káàbọ̀ lédè Ègùn, ojú rẹ̀ sì wà lára bàtà mi ní gbogbo ìgbà tó fi ń kí mi. Mo rò pé bàtà náà ló wù ú.

Nígbà tó di àjẹ̀ mú, ó di ẹlòmíràn. Ojú rẹ̀ kò sinmi mọ́. Gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ ló ń wò, kì í sì í ṣe ọkọ̀ náà gan-an, ojú ẹni tó ń tù ú ni. Ọkọ̀ onínjìnnì kan yọ lókèèrè. Èmi kò tíì rí ju fìlà ẹni tó ń wà á lọ tí Sẹ́nàmì fi sọ fún mi pé inú ń bí ẹni yẹn, kò ní yà fún wa. Ó ti orí ọkọ̀ wa wọ inú koríko. Ọkùnrin náà kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé, omi bò wá, mo sì wá rí ojú rẹ̀ wàyí. Ó le koko. Mo bi Sẹ́nàmì bó ṣe mọ̀. Ó ní ẹni tó bá ń tukọ̀ tí kò mọ ojú èèyàn, kò ní pẹ́ lórí omi.

Ibẹ̀ ló ti sọ ìdí tó fi fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ìdóòlà yẹn. Ìyá rẹ̀ àti àwọn obìnrin mìíràn ń ti ọjà bọ̀ nígbà òjò, ìjì dé, ọkọ̀ wọn dojú dé. Kò jìnnà sétí omi. Àwọn èèyàn ń wò wọ́n, àwọn kan sì fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbéra, ṣùgbọ́n àjẹ̀ kò yára tó. Sẹ́nàmì wà lára àwọn tó dúró.

"Mo ń rí ojú ìyá mi, Àǹtí," ó wí. "Mo ń rí i títí mi ò fi rí i mọ́."

Kò sunkún. Ó ń tukọ̀ lọ. Láti ìgbà náà òun ló ń fi ọkọ̀ gbé àwọn ọmọ kéékèèké àdúgbò wọn lọ sílé ìwé, nítorí kò fọkàn tán ẹlòmíràn. Wọ́n ti ní kó lọ́kọ, ó ní ó di ìgbà tí ọkọ̀ ìdóòlà bá dé. Ọkọ̀ yẹn nìkan ló ń wá láyé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé rẹ̀ bí mo ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ayọ́nù

Ayọ́nù ni wọ́n ń pè mí ní Àjídò, ìyẹn ará Ọ̀yọ́. Mo ní Èkìtì ni mí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, Ayọ́nù. Ẹni tó bá ti òkè wá tó ń sọ Yorùbá, Ayọ́nù náà ni lójú wọn. Mo kọ́kọ́ ń jà sí i, nígbà tó yá mo rántí pé àwa náà kò mọ ará Àjídò yàtọ̀ sí ará Ìmẹ̀kẹ́, Ègùn la kàn ń pe gbogbo wọn, a ó sì máa fi ohùn wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tọ́ sí mi. Àwọn ọmọdé wọn ń tẹ̀lé mi kiri, wọ́n ń fi ohùn tèmi náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ilé bàbá Sẹ́nàmì ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Apẹja ni, ó ti dàgbà, ohùn rẹ̀ wúwo. Ó tọ́jú mi gan-an, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Pírọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi, gààrí tí wọ́n fi omi ọbẹ̀ ẹja tẹ̀ dípò omi lásán. Ó pupa, iyọ̀ àti ata ti wọ inú rẹ̀ lọ, o lè jẹ ẹ́ láìfi nǹkan kan tì í. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀bà funfun jẹ ara yín níyà, mo káàánú yín. Ẹja tí wọ́n yan lórí ààrò ni wọ́n fi lé e, wọ́n wá la àgbọn tútù fún mi. Ìyàwó kékeré bàbá, tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé látàárọ̀ dalẹ́, ní kí n wá jókòó ti òun. Mo jókòó tì í. Èéfín ẹja wọ inú irun mi, mo ti fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, kò jáde.

Ọ̀rọ̀ ojú ni mo fẹ́ sọ. Bí inú bàbá bá dùn tó wọlé, gbogbo ilé ló ń wò ó. Bí ó bá lejú báyìí, ojú gbogbo wọn á wálẹ̀, ti àwọn ọmọ, ti ìyàwó, ó kù díẹ̀ kí ti adìyẹ náà wálẹ̀. Títẹjú mọ́ àgbà tó ń bínú, ìjà ni níbẹ̀. Ẹ ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ tiwọn tún le fún obìnrin. Ọkùnrin tó bá ti ní ọkọ̀ tirẹ̀ lè gbójú sókè kí ó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kò ní lè ṣe é títí yóò fi lọ sílé ọkọ, bó bá sì délé ọkọ, ti àwọn ará ilé ọkọ á tún bẹ̀rẹ̀. Mo wá mọ̀ pé Sẹ́nàmì kò wo bàtà mi nítorí pé ó wù ú.

Ẹnì kan ni òfin yẹn kò mú. Tányínọ̀ ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àgbà obìnrin tí wọ́n bí sínú agbo ilé, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò àwọn bàbá. Tányínọ̀ ilé yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá Sẹ́nàmì, màmá kúkúrú kan tí kò gbọ́ Yorùbá ju ẹ kú iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kan tí bàbá ń pariwo lé gbogbo ilé lórí nítorí àwọ̀n tó ya, màmá náà jáde wá dúró níwájú rẹ̀. Ó wò ó lójú títí ariwo fi tán lẹ́nu rẹ̀, bàbá sì lọ jókòó ti àwọ̀n rẹ̀, ó ń ràn án. Mo fẹ́ràn màmá yẹn lójú ẹsẹ̀.

Kíláàsì

Ọ̀mọ̀wé dé pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, kọ̀mpútà, àti fìlà kan tí wáyà wẹ́wẹ́ so mọ́ káàkiri. Kíláàsì kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n yọ̀ǹda fún un lẹ́yìn ìgbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Èèyàn á jókòó, a ó fi omi iyọ̀ pa á lórí, a ó dé fìlà náà fún un, àwòrán ojú á máa yọ níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà á sì máa fò sókè sódò nínú kọ̀mpútà bí ọpọlọ rẹ̀ bá ṣe ń dáhùn.

Inú Ọ̀mọ̀wé dùn sí àwọn àwòrán náà. Ó ní àwọn òyìnbó a máa fi ojú òyìnbó dán ọpọlọ ènìyàn dúdú wò, òun kò ní ṣe irú ìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ya gbogbo wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ló yà fún ẹ̀rín àti ìbẹ̀rù. Àwọn àgbàlagbà ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun ló yà fún ìbínú, ó ní ìbínú àgbà hàn ju ti ọmọdé lọ. Ojú tirẹ̀ wà lára wọn. Ó lejú níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a jókòó, ó ń jẹ àgbọn, ó ní nínú ìwé àwọn ará òkè òkun, wọ́n ní ọpọlọ obìnrin máa ń dáhùn sí ojú èèyàn ju ti ọkùnrin lọ. Mo ní á jẹ́ pé àwọn obìnrin ló máa wa ọkọ̀ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní rárá o, bí tiwọn bá ju ti ọkùnrin lọ, á jẹ́ pé ẹ̀rù á tètè máa bà wọ́n, èrò á sì pariwo mọ́ wọn, wọ́n á dijì. Ẹ rántí ohun tó sọ yìí o.

A bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wá jẹ́ apẹja tó ti lọ́kọ̀ nílé, wọ́n tẹjú mọ́ àwọn àgbàlagbà inú àwòrán bí ẹlẹgbẹ́ wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ bi àwòrán léèrè pé kí ló ń wò. Ìlà wọn fò. Ó wá kan àwọn obìnrin. Wọ́n á wọlé, wọ́n á kúnlẹ̀ kí Ọ̀mọ̀wé, wọ́n á jókòó. Bí ojú ẹlẹ́rìn-ín bá yọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín padà. Bí ojú àgbà tó ń bínú bá yọ, ojú wọn á bọ́ sí etí tábìlì, wọ́n á fi síbẹ̀ títí tó fi máa lọ. Ìyàwó kékeré bàbá Sẹ́nàmì tiẹ̀ tẹríba fún kọ̀mpútà, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá." Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni omijé fẹ́ bọ́ lójú mi.

Sẹ́nàmì wọlé, ó jókòó tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù. Ojú tó mọ ìbínú láti ọ̀nà jíjìn lórí ọ̀sà, etí tábìlì ló ń wò. Ìlà rẹ̀ sùn gbalaja.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ọ̀mọ̀wé ń yọ̀. Ó ní a ti rí ohun tuntun. Ó ní ọpọlọ àwọn obìnrin etí omi yìí kò rí ìbínú rárá, bí wọ́n bá sì fi ọkọ̀ lé wọn lọ́wọ́, wọn kò ní mọ̀gbà tí ewu dé. Mo ní, Ọ̀mọ̀wé, bí wọ́n bá rí i jù, ẹ ní wọn kò ní lè wakọ̀. Bí wọn kò bá rí i, ẹ ní wọn kò ní lè wakọ̀. Èwo ni kí wọ́n wá rí? Ó ní kí n má fi ẹnu obìnrin bá òun ṣe sáyẹ́ǹsì.

Mo sọ fún un pé wọn kò wo àwòrán náà. Mo ṣàlàyé bó ṣe rí nínú ilé bàbá Sẹ́nàmì. Ó ní ojú wọn ṣí, wọ́n jókòó síwájú àwòrán, ẹ̀rọ kì í sì í parọ́. Mo bi í pé bí òun bá lejú mọ́ ọmọ òun obìnrin, ibo lọmọ náà máa ń wò. Ó ní kí n má fa ọ̀rọ̀ ilé òun wọ iṣẹ́. Ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin yìí o. Òyìnbó ni ìbá ṣe irú ẹ̀, ǹ bá ní kò mọ̀. Òun mọ̀. Bí ọmọ ẹnikẹ́ni bá tẹjú mọ́ ọn báyìí níbi tó ti ń bínú, òun ni yóò kọ́kọ́ bi í pé ta ni bàbá rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ó sì ń dùn mí di ìsinsìnyí.

Tányínọ̀ jókòó

Èmi ni mo fi Sẹ́nàmì ṣe ògbufọ̀, tí mo lọ bẹ Tányínọ̀ pé kí ó wá dé fìlà náà. Ó wá. Kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ojú àgbà àkọ́kọ́ yọ, màmá tẹjú mọ́ ọn, ó pòṣé, ó sì bi Sẹ́nàmì lédè Ègùn pé ta ló ṣẹ eléyìí. Nígbà tí àwòrán Ọ̀mọ̀wé yọ, ó wò ó, ó yíjú wo Ọ̀mọ̀wé gan-an, ó tún wo àwòrán, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìlà rẹ̀ fò ju ti ọkùnrin èyíkéyìí tó jókòó síbẹ̀ lọ. Mo wò ó, Ọ̀mọ̀wé náà wò ó. Ó ní òógùn ti mú wáyà tú, kì í ṣe ọpọlọ. Ó pa á rẹ́.

Mo sọ fún Sẹ́nàmì pé Ọ̀mọ̀wé ti pa ìlà màmá rẹ́, Sẹ́nàmì sọ fún màmá. Lọ́jọ́ kejì ó di ọwọ́ ọmọ náà mú wá sí kíláàsì, ó fà á jókòó, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Tányínọ̀ ní kí n wò wọ́n," Sẹ́nàmì wí fún mi. "Ó ní bí bàbá mi bá bi mí, kí n ní òun ni."

Mo dé fìlà náà fún un kí Ọ̀mọ̀wé tó rí ohun tó máa sọ. Ojú àgbà yọ. Ojú rẹ̀ kò kúrò. Òmíràn yọ, kò kúrò. Ìlà rẹ̀ gbéra nílẹ̀, ó ń fò. Ẹ̀yin ará ilé, mo pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ bí ọmọdé.

Ọ̀mọ̀wé ní òun kò lè lo ìyẹn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó lẹ́ẹ̀mejì, òfin iṣẹ́ nìyẹn. Mo rán an létí Hùnsù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó sùn lọ nínú fìlà, tó ń hanrun, tí òun fúnra rẹ̀ sì ní kí ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní Hùnsù sùn ni, ìyẹn yàtọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo sọ lẹ́yìn ìyẹn, mo kàn mọ̀ pé ohùn mi dé ìta.

Abẹ́ igi àgbọn

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kéde àwọn tí yóò wa ọkọ̀ náà, gbogbo àdúgbò péjọ sábẹ́ àwọn igi àgbọn. Wọ́n pọ́n Ọ̀mọ̀wé lé, wọ́n fún un ní àga tó dára jù, wọ́n gbé sódábì síwájú rẹ̀, ọtí wọn tó ń jó ni lọ́nà ọ̀fun. Ó ka orúkọ àwọn tí wọ́n máa kọ́. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Hùnsù wà níbẹ̀. Ó wá sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n má ṣe bínú, pé bí Ọlọ́run ṣe dá ọpọlọ kálukú ni, pé ẹ̀rọ ló sọ ọ́, kì í ṣe òun. Àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́. Mo rí àwọn obìnrin tó ń mi orí bí ẹni tó gbà, àwọn kan lára wọn sì ti ń tukọ̀ kí wọ́n tó bí Hùnsù.

Sẹ́nàmì dìde. Ó rìn la àárín èèyàn kọjá, ó dúró níwájú àga náà, ó gbójú sókè, ó sì wo Ọ̀mọ̀wé lójú kòrókòró. Ojú Ọ̀mọ̀wé yí padà.

"Ẹ ń bínú sí mi nísinsìnyí," ó wí. "Mo ń rí i."

Bó ṣe wí nìyẹn, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn, ó bi í pé láti ìgbà wo ni ọmọ òun ti ń tẹjú mọ́ àlejò. Ariwo sọ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ pé ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́, pé omi ló bà á jẹ́, pé ẹgbẹ́ aláàánú máa gbé ọkọ̀ wọn lọ nítorí rẹ̀. Àwọn obìnrin ló pariwo jù. Nígbà tí kò gbójú sókè, wọ́n ní kò lọ́pọlọ. Nígbà tó gbójú sókè, wọ́n ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo ń wá ibi tí ọmọbìnrin lè gbé ojú rẹ̀ sí ní gbogbo ayé yìí, mi ò rí i.

Èmi náà dìde. Mo sọ ohun gbogbo tí mo mọ̀, ti Tányínọ̀, ti Hùnsù, ti òógùn. Mo ní kò gbọdọ̀ fi orúkọ mi sí ohunkóhun tó bá kọ. Mo pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀mọ̀wé mu sódábì rẹ̀, ó yíjú sí àwọn àgbà, ó fi ọwọ́ júwe mi, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ohun tí mò ń sọ nípa àwọn obìnrin gan-an nìyí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tányínọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo ọkọ̀ ìdóòlà tuntun tí wọ́n ti gbé dé, tí wọ́n so mọ́ èbúté. Gbogbo ìlú ló ń fẹ́ ọkọ̀ yẹn, òun náà mọ̀. Ó di Sẹ́nàmì lọ́wọ́ mú, wọ́n lọ sílé.

Sẹ́nàmì náà ló tù mí padà sí Àgbádárìgì. A ti dé àárín ọ̀sà kó tó lanu.

"Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọpọlọ mi ò pé ni?"

Mo sọ fún un pé ó pé, mo tún un sọ, mo ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí ojú tí kò wo nǹkan kò ṣe lè rí i. Ó ń gbọ́. Nígbà tí mo parí, ó ní ẹ ṣé, Àǹtí. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Ó gbé mi sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wo bàtà mi, ó dágbére. Ó ní òun kò lè dúró, àwọn ọmọ iléèwé ń retí òun.

Ilé

Ẹ gbọ́ ìyókù, torí ibẹ̀ ni ìbínú mi ti wá dé bá mi nínú ilé.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo dé, mo ń ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi bí a ṣe ń jẹun. Ó ń bá mi bínú sí Ọ̀mọ̀wé, ó ń ní irú èyí kò dára, títí mo fi dé ibi tí mo ti pè é ní òpùrọ́. Mo gbọ́ tí bàbá gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀.

"Olùkọ́ rẹ," ó wí, "ẹni tó kọ́ ọ níwèé, ni o pè ní òpùrọ́ níwájú àjèjì?"

Mo ní àwíjàre tó pọ̀. Mo ti ń tò wọ́n sẹ́nu láti Ìjànikin. Mo fẹ́ sọ fún un pé òpùrọ́ ni lóòótọ́, pé mi ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ìgbà náà ni mo wá rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò. Mi ò mọ ìgbà tí ojú mi débẹ̀. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mo ti kọ́ èèyàn níwèé, mo ti bá ọkùnrin jà lábẹ́ igi àgbọn nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, bàbá mi yí ohùn padà lẹ́ẹ̀kan, ojú mi ti wálẹ̀.

Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn dáadáa. Mo mọ èékánná tó dúdú, mo mọ ibi tí ọkọ́ ti gé e nígbà kan. Mo mọ bó ṣe máa ń ká ọmọ ìka rẹ̀ jọ bí inú bá ń bí i. Bí ẹ bá sì ya ojú bàbá mi níbi tó ti ń bínú, tí ẹ gbé e síwájú mi láàárín ti àwọn ẹlòmíràn, mi ò ní mọ̀ pé òun ni. Mi ò rí i rí.